Ẹ Gba Òṣìṣẹ́ Kún Àwọn Wẹ́fíà

Ẹ̀yin gómìnà wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nílẹ̀ Yorùbá, àti ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ 137 tó wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà yìí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi gbé ẹ̀bẹ̀ yìí wá síwájú yín. Àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ìtọ́jú aráàlú, kò tó mọ́, àwọn ọmọdé sì ni ìyà rẹ̀ ń jẹ. Ẹ dákun, ẹ gba òṣìṣẹ́ kún wọn.

Kò sí àdúgbò tí wọn kò ti mọ wẹ́fíà. Obìnrin tí bàbá ọmọ rẹ̀ kọ̀ tí kò gbọ́ bùkátà, ibẹ̀ ló ń lọ. Ọmọ tuntun tí wọ́n gbé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ibẹ̀ ni ọlọ́pàá ń gbé e lọ. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n lù ní àlùbami, àgbàlagbà tí kò lẹ́nì kan, tọkọtaya tó kọ ara wọn sílẹ̀ tí wọ́n ń du ọmọ níwájú adájọ́, ọ̀rọ̀ gbogbo wọn ń dé orí tábìlì kan náà. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ owó oúnjẹ ọmọ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí náírà náà sì já wálẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ mọ ohun tí ojú mẹ̀kúnnù ti rí. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà ọdún 2024, ìṣirò ìjọba fúnra rẹ̀ fi hàn pé iye owó oúnjẹ ti fi ohun tó lé ní ìdá 40 nínú 100 ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Bíríkìlà tí iṣẹ́ dá dúró lórí rẹ̀, ọlọ́kadà tí epo ń jẹ gbogbo ohun tó bá pa, àwọn wọ̀nyí wà lára àwọn tí ìyàwó ń fẹjọ́ wọn sùn. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ìkà. Ẹnì kan ò ní, ẹlòmíì ní, ṣùgbọ́n ó ti lọ fẹ́ ìyàwó mìíràn. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tó mọṣẹ́ ló lè mọ èyí yàtọ̀ sí tọ̀hún. Kò sì lè mọ̀ ọ́n láti orí àga. Ó ní láti dé ilé ọkùnrin náà, kó dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, kó bá ẹbí sọ̀rọ̀, kó tún padà lọ lẹ́yìn oṣù mélòó kan láti wò ó bóyá ọmọ ń jẹun lóòótọ́, bóyá ó ń lọ sí ilé ìwé.

Ta ló máa ṣe é? Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ló gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn tì bí wọ́n bá pé ẹni 60 ọdún, tàbí tí wọ́n bá ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó gbọ́ iṣẹ́ yìí dáadáa ń lọ bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ìjọba bá sì ti ilẹ̀kùn ìgbanisíṣẹ́, àga wọn a ṣófo. Àwọn tó kù kọ́ ni mo ń fẹ̀sùn kàn. Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn nínú wọn ń fi owó ara wọn wọ ọkọ̀ lọ wo ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹjọ́ bá ti pọ̀ ju ọwọ́ lọ, ìwé ìpè tó yẹ kí òṣìṣẹ́ mú lọ fún ọkùnrin, ìyàwó ni wọ́n ń ní kó mú un lọ. Ẹ rò ó wò. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù, òun náà ni yóò gbé ìwé ìpè lọ bá a nílé. Ọ̀pọ̀ máa ń fi ìwé náà pa mọ́, wọn a sì gba ilé lọ.

Àwọn tí ẹjọ́ wọn tiẹ̀ parí kò bọ́. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n fẹnu kò sí ₦15,000 lóṣù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Kí ni owó yẹn ń rà lónìí? Ó yẹ kí wọ́n tún pe bàbá àti ìyá jókòó, ṣùgbọ́n àwọn ẹjọ́ tuntun ti bo fáìlì àtijọ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n á ní kí obìnrin náà padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin olórí wa, òfin wà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ yín náà ti sọ di òfin nílé, sọ pé ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ kí òbí gbọ́ bùkátà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbára wọn bá ṣe mọ. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sì ka ilé ìtọ́jú àwọn aláìní àti àwọn aláìlera mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Owó tó ń wọlé sí àpò ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ láti Àbújá ti pọ̀ sí i láti ìgbà tí wọ́n ti yọ ìrànwọ́ epo. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tún pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Mo mọ̀ pé náírà púpọ̀ ò ra nǹkan púpọ̀ mọ́, àti pé owó oṣù tó kéré jù lọ tí wọ́n ti fi kún náà ń béèrè tirẹ̀. Síbẹ̀, owó oṣù òṣìṣẹ́ wẹ́fíà méjì tàbí mẹ́ta ní ìbílẹ̀ kan kò lè wọ ìjọba lọ́rùn.

Mo ń bẹ̀ yín, ẹ yọ wẹ́fíà kúrò lábẹ́ òfin má-gbani-síṣẹ́ níbikíbi tó bá ṣì wà. Ẹ fún wọn ní ọ̀kadà àti owó epo, kí wọ́n lè máa mú ìwé ìpè lọ fúnra wọn. Nígbà tí ìdánwò àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ìgbanisíṣẹ́ bá ṣì ń lọ lọ́wọ́, ẹ béèrè fún àwọn àgùnbánirọ̀ tó kàwé lórí iṣẹ́ ìtọ́jú aráàlú, kí wọ́n máa bá wọn to fáìlì kí wọ́n sì máa gba ẹjọ́ sílẹ̀. Ẹ pe àwọn tó ti fẹ̀yìn tì padà fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n kọ́ àwọn tuntun bí wọ́n ṣe ń bá bàbá tó ń bínú sọ̀rọ̀ tí yóò fi jókòó. Ìwé kì í kọ́ni ní ìyẹn.

Bí ẹ bá sì gbé ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ lọ síwájú àwọn aṣòfin àti káńsẹ́lọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká rí iye òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tí ẹ fẹ́ gbà sí ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, pẹ̀lú oṣù tí wọn yóò wọlé síṣẹ́.