Ta Ni Ó Ní Kí A Pàtẹ Iṣẹ́-Ọwọ́ Wa?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹni tí ó bá ní kí ẹ pàtẹ iṣẹ́-ọwọ́ ìbílẹ̀ fún àwọn ọmọ, ẹ bi í pé: nítorí kí ni? Ní 1953, ìjọba Gúúsù Áfíríkà fi àṣà ìbílẹ̀ bojú, wọ́n ṣòfin ẹ̀kọ́ tí kò ní jẹ́ kí ọmọ dúdú kọjá iṣẹ́ agbára. Kàkà kí àwọn àlùfáà St Peter's ní Rosettenville tẹríba, wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ wọn pa ní 1956. Ezekiel Mphahlele, tí ó kàwé níbẹ̀, wá sí Nàìjíríà ní 1957; ó sì di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ Mbari n'Íbàdàn ní 1961. Ẹgbẹ́ yìí ni Dúró Ládiípọ̀ wò tí ó fi dá Mbari Mbayọ̀ sílẹ̀ l'Óṣogbo ní 1962. Oníjó ni Twins Seven-Seven nígbà tí ó wọlé. Ní 1964 ó gba búrọ́ọ̀ṣì, kò sì sí òfin tí ó ní ibẹ̀ ni kí ó mọ.