Bíborí kì í ṣe nínà

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a gbé yẹ̀wò lónìí ni "beat". Kò lè ṣàjèjì sí ẹni tó kọ́ Faransé, nítorí pé bẹ́ẹ̀ náà ni "battre" rí: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni fún lílu ènìyàn àti fún bíborí rẹ̀ nínú ìdíje.

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ń kọsẹ̀ ni pé "gagner" máa ń mú wọn sọ pé àwọn "win" ẹgbẹ́ kejì. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìdíje tàbí ẹ̀bùn ni à ń "win". Alátakò ni à ń "beat". Ọ̀rọ̀ náà kì í yí padà bí a bá ń sọ ohun tó ti kọjá: ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 2019, ní Káírò, Bẹ̀nẹ̀ "beat" Mòrókò.

Báwo ni a ó ṣe wí i ní Yorùbá? "A nà wọ́n!" ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ yóò pariwo. Ṣùgbọ́n pàṣán ni à ń fi na ènìyàn. Lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ́ méjèèjì gbá góòlù kọ̀ọ̀kan wọlé, pẹnáritì 4 sí 1 ni àwọn tiwa fi kọjá. "Borí" ni ọ̀rọ̀ tó bá a mu.

Èdè wa kò fi ojú kan náà wo gbogbo ìdíje. Nínú ìjàkadì, a dá ènìyàn. Nídìí ayò, ọ̀ta ni ó borí ọ̀pẹ̀. Níwájú adájọ́, ẹnì kan jàre, ẹnì kejì jẹ̀bi. Ẹ̀tọ́ ni a wò níbẹ̀, a kò wo agbára. Nínú ìbò, ẹnì kan wọlé, ẹnì kejì fìdí rẹmi. Inú ogun ni "ṣẹ́gun" ti wá, Kétu sì mọ bí ó ti wúwo tó. Ní ọdún 1886, Dàhọ̀mì ṣẹ́gun ìlú náà, ó sun ún, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì ni àwọn tó kù padà wá tún ìlú wọn tẹ̀ dó.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ ogun àti ti pàṣán lọ sí ibi ìbò. Bí a bá ní ẹni tiwa wọlé, a kò tí ì bú ẹnikẹ́ni. Bí a bá ní a nà wọ́n, a ti sọ aládùúgbò wa di ẹni tí a lù, ẹni tí a lù a sì máa wá ẹ̀san. Ẹni tó fìdí rẹmi lónìí lè wọlé lọ́la, nítorí bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀.

Kí a tó tún pàdé, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín, ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Àjàṣẹ́, irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ẹni tó borí àti ẹni tí a borí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó má bàa sọnù.