Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ìpàkọ́

Ní ṣọ́ọ̀bù bábà kan ní Èrúwà ni àbúrò mi kan tó ń kó ẹ̀gúsí lọ sí Ìbàdàn ti fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Àwòrán ọkùnrin kan ni: nínú ti àkọ́kọ́ orí rẹ̀ ń dán bí ìgò, nínú ti kejì irun ti bò ó dé iwájú. Àwọn tó ń gbin irun sórí ti bá àbúrò mi ṣọ̀rọ̀ tán lórí fóònù, wọ́n ti dá iye lé e, wọ́n ní kó fi ìdajì owó ránṣẹ́. Mo ní, "Ṣé wọ́n wo ìpàkọ́ rẹ?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iwájú ló pá. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìpàkọ́ ṣe?"

Ohun tí mo fẹ́ bá a sọ gan-an nìyẹn. Kò sí dókítà tó ń dá irun tuntun. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò yàtọ̀ sí ti àgbẹ̀ ata ní Ìbàràpá: a da irúgbìn sójú kan, bó bá gbó díẹ̀, a hú u, a lọ́ ọ sórí ebè. Àmọ́ àgbẹ̀ lè da irúgbìn mìíràn bí èyí bá kú. Orí kò ní irúgbìn kejì. Ibi tí wọ́n bá ti hú irun tìdítìdí ní ìpàkọ́, irun kì í tún hù níbẹ̀ mọ́.

Kí ló dé tó jẹ́ ìpàkọ́? Dókítà kan tó ń jẹ́ Okuda ti kọ̀wé nípa irun àtúngbìn ní Japan lọ́dún 1939, ṣùgbọ́n ogun àgbáyé kò jẹ́ kí ará ìta gbọ́. Lọ́dún 1952, Dókítà Norman Orentreich mú irun ẹ̀yìn orí wá síwájú ní New York, nígbà tó sì di 1959 ó tẹ ohun tó rí jáde: irun tó bá ti ìpàkọ́ wá kì í gbàgbé ilé. Ohun tó ń pa irun iwájú kì í sábà ran ti ẹ̀yìn, ibikíbi tí a bá gbìn ín sí.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Irun máa ń hù ní ìdì, ẹyọ kan sí mẹ́rin nínú ìdì kan. Ní ìpàkọ́ òyìnbó, ibi tó fẹ̀ tó èékánná ọmọńdinrín máa ń ní ìdì bíi 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Tiwa sábà máa ń jẹ́ bíi 60. Dókítà kò sì lè kó gbogbo rẹ̀. Bó bá kó o jù, ìpàkọ́ fúnra rẹ̀ á dà bí oko ẹ̀gẹ́ tí màlúù wọ̀. Òyìnbó tí ẹ̀yìn orí rẹ̀ dí dáadáa lè rí ìdì 4,000 sí 6,000 mú ní gbogbo ayé rẹ̀; tiwa máa ń dín sí i. Bí ibi tó pá bá fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, tí wọ́n sì fẹ́ gbin 40 sí ìwọ̀n èékánná kọ̀ọ̀kan, 6,000 ti lọ nìyẹn. Àbúrò mi kò tíì pé ogójì ọdún. Orí rẹ̀ kò tíì pá tán! Bó bá ná gbogbo rẹ̀ sí iwájú lónìí, kí ni yóò fi bo àárín orí lọ́dún mẹ́wàá sí i?

Èmi kò ní kí ó má ṣe é o. Irun tiwa ní ọlá tirẹ̀: nítorí pé ó ká, ẹyọ kan á bo ibi tí irun tó nà gbọọrọ kò lè bò, àwọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ àwọ̀ ara. Díẹ̀ tiwa lè jọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ká lókè ni gbòǹgbò rẹ̀ ṣe tẹ̀ lábẹ́ awọ, irin tí wọ́n fi ń hú u sì jẹ́ ọ̀pá ihò tóótòòtó tó lọ gbọnrangandan. Bí irin títọ́ bá wọ ibi tí gbòǹgbò ti tẹ̀, á gé e sí méjì. Ìdì yẹn ti ṣòfò: kò sí ní ẹ̀yìn mọ́, kò sì dé iwájú. Sanusi Umar, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ dókítà awọ ara ní ìhà Los Angeles, ló ṣe irin mìíràn tí yóò máa tẹ̀ lé ìtẹ̀sí irun bíi tiwa.

Umar yìí rán mi létí Dókítà Awójọbí wa, tó dé ọsibítù ìjọba ní Èrúwà lọ́dún 1983, tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1986, tó sì kú lọ́dún 2015. Kò gbin irun fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó fi àgbá kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, nítorí èyí tí wọ́n ń tà kò bá ìlú tí iná mànàmáná kì í dúró mu. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí dókítà fi wo orí wa. Ẹ bi í léèrè irin tó ń lò. Ẹ sọ fún un bí ojú ọgbẹ́ yín bá máa ń wú sókè, nítorí ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kánjú. Ní ti àwọn ìyá wa tí ìdirun líle ti jẹ ẹ̀gbẹ́ orí wọn, kí wọ́n tètè dẹ irun dídì: bó bá ṣì jẹ́ tuntun, irun lè padà lọ́fẹ̀ẹ́.

Bábà tó ti ń fetí sí wa dá sí i. Ó fọwọ́ kan ìpàkọ́ àbúrò mi. "Bọ̀ọ̀dá, kókó ti ń yọ níbí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àwọn kan tiẹ̀ ti di àpá, irun ò sí lórí wọn mọ́."

Àbúrò mi ki fóònù bọ àpò. Ó ní kí wọ́n bá òun wá dígí kejì.