Iná dé! Ẹ rọra o

Àwa Yorùbá Johannesburg ti mọ̀ pé ìgbà tí iná bá padà dé ni ẹ̀rọ orin sábà máa ń jóná. Lọ́dún 2023 tí Eskom ń mú iná lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́, àṣà wa ni pé bí iná bá ti lọ, a ó yọ ampilifáyà. Bó bá dé, a ó jẹ́ kó fara balẹ̀ ná.

Sítábíláísà tí a gbé wá láti ilé dára fún iná tó ń lọ sókè-sódò, ṣùgbọ́n kò yára tó iná òjijì. Surge protector ló ń ṣèyẹn: ó ń darí iná àpọ̀jù gba wáyà ilẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ wo ádáptà yín dáadáa! Iná Nàìjíríà àti ti ibí bára mu, pílọ́ọ̀gì ni kò bára mu, àwọn ádáptà olówó pọ́ọ́kú kan kò sì ní ẹsẹ̀ kẹta tó ń kan wáyà ilẹ̀. Bí iná kékeré tó ń fi hàn pé ó ń dáàbò boni bá kú lára surge protector, ẹ ra òmíràn.

Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta tí ààrá ń sán nírọ̀lẹ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Kí òjò tó dé, ẹ yọ gbogbo rẹ̀, títí kan okùn díìṣì. Bí àwọn ọmọ bá ń jó lọ́wọ́, kí wọ́n bínú.