Lamingo Dùn Ún Gbé, Ṣùgbọ́n Ṣé Ká Ra Ilẹ̀ Síbẹ̀?

  

Ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Owó tí a ti ń dá bọ̀ láti ọjọ́ yìí ti tó ra púlọ́ọ̀tì kan. Àwọn kan ní ká rà á síbí, ní Lamingo, ká kọ́ gbọ̀ngàn kékeré sí i, kí àwọn ọmọ rí ibi kọ́ Yorùbá ní Sátidé. Àwọn kan yarí, wọ́n ní ó tì o, ká fi owó náà ránṣẹ́ sílé, ibi tí a ti wá la máa pa dà sí. Bàbá kan dìde, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọdé wọ̀nyí, ẹ ò mọ ohun tójú wa rí ní Gánà." Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. A tú ká láìfẹnu kò sí nǹkan kan.

Àwa tí à ń kọ èyí wà lára àwọn tó ní ká rà á síbí. A ò fi bú ẹnikẹ́ni. A kàn fẹ́ sọ ohun tó wà nínú wa kí ìpàdé mìíràn tó dé, nítorí lọ́jọ́ náà ariwo ò jẹ́ ká lè sọ̀rọ̀ tán.

Ká sòótọ́, Lamingo dùn ún gbé. Jos ga ju òkun lọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀fà mítà, ìyẹn 1,200, ara wa sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àwọn ẹbí wa ní Èkó bá ń pariwo pé kò síná, àwọn ò rí fáànù tàn, àwa kàn ń fa aṣọ ìbora ni. Láàárọ̀, ìkùukùu á bo orí àwọn òkè Shere débi pé o ò ní mọ ibi tí òkè parí sí. Lọ́jọ́ ìsinmi, a lè kó àwọn ọmọ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi dáàmù, kí wọ́n sáré káàkiri títí ó fi máa rẹ̀ wọ́n, kọ́bọ̀ ò sì ní jáde lápò wa.

Oúnjẹ ńkọ́? Kárọ́ọ̀tì, kábéèjì, ànàmọ́ òyìnbó, títí kan strawberry tí àwọn ará Èkó ń fi owó ńlá rà nínú ike kékeré, gbogbo rẹ̀ ló wà nítòsí wa. Ẹ lọ sí Farin Gada láàárọ̀ kùtù kẹ́ ẹ wo tòmátì. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ti ń fi àchà ro òkèlè báyìí, ó ń fi gbẹ̀gìrì àti ewédú jẹ ẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ń lọ lọ́nà ọ̀fun dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Jos, JUTH, wà níbí. Látìgbà tí wọ́n ti gbé e kúrò nígboro wá sí Lamingo ni àwọn nọ́ọ̀sì, dókítà àti àwọn òṣìṣẹ́ láàbù tó jẹ́ Yorùbá ti ń ya wá. Púpọ̀ nínú wa, iṣẹ́ yẹn ló gbé wa dé ibí. Bí obìnrin bá ń rọbí lóru, kò ní rìn jìnnà. Ẹni tó bá gbé níbi tí ọsibítù wà ní wákàtí méjì sílé rẹ̀ ló mọ ohun tí à ń wí.

Ibi kékeré sì ní ti ẹ̀. Bí owó oṣù bá pẹ́, ìyá tó ń ta tòmátì lẹ́bàá títì á ní ká mú un lọ ná. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì mọ orúkọ gbogbo ọmọ wa. Ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ bá bú èèyàn lójú ọ̀nà ilé ìwé, wàá ti gbọ́ kó tó délé. Bí tọkọtaya bá ń jà lóru, àdúgbò ti gbọ́ ọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn kan nínú wa sọ pé ìyẹn gan-an ló sú wọn níbí. Ní tiwa, a fara mọ́ ọn.

Ti ọyẹ́ la ò lè fara mọ́ pátápátá. Láàárín December sí February, ẹsẹ̀ á là, ètè á bẹ́, ọmọ á máa sunkún kí wọ́n má bu omi sóun lára. Fún àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá, nítorí òtútù máa ń ru ìrora wọn sókè. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ kó ẹbí wá, tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì wà nínú ilé, ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó di ẹrù.

Iṣẹ́ ò pọ̀. Ọmọ tó bá ti gba ìwé ẹ̀rí tán, Abuja tàbí Èkó ló ń wò. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kẹ̀kẹ́ Napep á wọ́n bí ojú. Ọ̀nà ilé náà ti di ohun tí à ń gbààwẹ̀ sí. Tẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀sì alẹ́ là ń wọ̀, a ó sùn, a ó sì ti sún mọ́ Ìlọrin kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní báyìí, tí a bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní Hawan Kibo lọ sí Akwanga, gbogbo ọkọ̀ á dákẹ́, kálukú ń gbàdúrà sínú nítorí àwọn ajínigbé.

Gbogbo ìyẹn ṣì kéré. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn bàbá tó mẹ́nu ba Gánà yẹn ló le jù, a ò sì ní fojú fò ó. Ní November 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọjọ́ mẹ́rìnlá péré láti kúrò ní Gánà. Àwọn Yorùbá tó ti lo ogójì ọdún lọ́hùn-ún, tí wọ́n ti kọ́lé, tí wọ́n ti bímọ, fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ nínú wọn. Ẹni tí irú ẹ̀ bá ti ṣe lójú ẹ̀, kò sí bí a ṣe fẹ́ sọ fún un pé kó ra ilẹ̀ lájò tí kò ní wò wá bí ẹni tí orí rẹ̀ dà rú.

Níbí náà, ojú wa ti rí nǹkan. Ní September 7, 2001, ọjọ́ Jímọ̀, ni wàhálà bẹ̀rẹ̀ ní Jos. Ọjọ́ kẹrin sí i ni ti New York ṣẹlẹ̀, gbogbo ayé bá gbàgbé wa. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọjà ńlá Terminus jóná. 2008 dé, 2010 dé. Ní May 20, 2014, bọ́ǹbù méjì dún ní Terminus, ó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní August 2021, wọ́n pa àwọn arìnrìn-àjò lọ́nà Rukuba, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì rán bọ́ọ̀sì wá kó àwọn ọmọ wọn tó wà ní Unijos. Àwa tí a jókòó sílé ń bi ara wa pé àwa ńkọ́, ìpínlẹ̀ wo ló máa rán bọ́ọ̀sì wá kó wa? Ní alẹ́ tó ṣáájú Kérésìmesì 2023, wọ́n ya wọ àwọn abúlé ní Bokkos àti Barkin Ladi, wọ́n pa àwọn àgbẹ̀ nílé wọn. Bokkos yẹn náà ni ọ̀pọ̀ ànàmọ́ tí à ń yìn lókè yẹn ti ń wá.

Ohun kan tún wà tí àwa Yorùbá ń jẹ nínú rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Jos ti pín sí méjì, ibi tí Kìrìsìtẹ́nì ń gbé àti ibi tí Mùsùlùmí ń gbé. Àwa kò lè pín bẹ́ẹ̀. Nínú ilé kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n jẹ́ Alhaji, àbúrò jẹ́ díákónì. Lẹ́yìn 2001, àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan kó lọ sápá ibi tí ọkàn wọn ti balẹ̀, àwa yòókù wá sápá ibí. Tí ìlú bá ti gbóná, tẹlifóònù la fi ń kí ara wa ọdún Iléyá. Àwọn kan béèrè nípàdé pé tí gbọ̀ngàn bá wà ní Lamingo, báwo ni àwọn Alhaji ṣe máa wá nígbà tí nǹkan bá le? Ìbéèrè gidi ni. Èrò wa ni pé ká máa gbé ìpàdé káàkiri nígbà wàhálà, ká má fi dandan le e pé ibí ni gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ wá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó dára jùyẹn lọ, kó gbé e wá.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwé, èyí tí gbogbo wa ń pè ní indigene. Reluwé kékeré láti Zaria dé Bukuru ní 1914 nítorí tíìnì, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní kuza, àwọn oníṣòwò àti akọ̀wé Yorùbá sì bá a wá. Ìyẹn ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn ọmọ wà láàárín wa tó jẹ́ pé Jos ni wọ́n bí àwọn, bàbá wọn àti bàbá bàbá wọn sí. Síbẹ̀, tó bá di kí wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tàbí wá iṣẹ́, wọ́n á ní kí wọ́n lọ gba ìwé wọn níbi tí wọ́n ti wá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa rin ìrìn àjò dé Ọ̀yọ́ lọ gba ìwé náà. Akọ̀wé tó bá níbẹ̀ bi í léèrè agboolé, ó kálòlò, ni wọ́n bá ní, "Ìwọ ọmọ Jos yìí, ta ló rán ẹ wá?" Ibí lé e, ọ̀hún ò mọ̀ ọ́n.

Òfin Nàìjíríà ti 1999, ẹ̀ka 15, sọ pé ojúṣe ìjọba ni láti rí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè ní ẹ̀tọ́ ìgbélùú ní kíkún níbikíbi. Ó dùn ún kà. Ṣùgbọ́n abala tó wà jẹ́ èyí tí a ò lè torí ẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́, ẹ̀ka 318 sì tún ń sọ pé ọmọ ìpínlẹ̀ ni ẹni tí òbí tàbí òbí àgbà rẹ̀ wá láti inú àwùjọ tó jẹ́ onílẹ̀ níbẹ̀. Òfin ò wá sọ ẹni tó ń jẹ́ onílẹ̀.

Ká gbọ́ ti ẹlòmíràn náà o. Àwọn Bìrọ́m, Afízérè àti Anàgúta tó ni ilẹ̀ yìí ń sọ pé ẹ̀yin ní Ọ̀yọ́, ẹ ní Ọ̀ṣun, àwa ò ní ibòmíràn tí wọ́n ti lè fún ọmọ wa níwèé. Kò burú. Tí ọmọ Bìrọ́m bá dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé a máa fún un? Ẹ jẹ́ ká dáhùn láìtan ara wa.

Nítorí gbogbo èyí gan-an la ṣe ní ká ra ilẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún la ti fi di ẹrù sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ta ló máa pè é sí ìpàdé àdúgbò? Ta ló máa gbọ́ ọ bó bá ń béèrè ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ̀? Àwọn àgbà sọ pé àjò kì í dùn kónílé má relé, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n onílé ni òwe yẹn ń bá wí. Ọmọ tí a bí síbí, tó sì jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta lọ́dún ló mọ ilé bàbá rẹ̀ mọ, ilé wo ló fẹ́ re?

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ wa kan dé ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ina kwana, Mama." Màmá bú sẹ́kún. Gbogbo wa ń bínú sí ọmọ náà, àmọ́ níbo la ní kó ti kọ́ ọ? Hausa nílé ìwé, Hausa lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì nílé. Owó tí a bá fi ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ò ní kọ́ ọ ní "ẹ káàárọ̀ mà."

Sí bàbá wa tó sọ ti Gánà: ẹ má bínú sí wa, sà. Àwọn tó kọ́lé ní Gánà pàdánù, ṣùgbọ́n àwọn tí kò kọ́ nǹkan kan náà ò lè dúró. Ọjọ́ mẹ́rìnlá kan náà ni wọ́n fún gbogbo wọn. A ò ní kẹ́ ẹ má kọ́lé sílé o. Ẹni tó bá lágbára, kó kọ́ méjèèjì. Owó ẹgbẹ́ nìkan là ń sọ.

A fi kún un pé, tí a bá rà á, kó má ṣe jẹ́ lórúkọ ẹnì kan. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kó wà nínú ìwé, kí a gba lọ́yà, kí a wádìí lọ́wọ́ àwọn àgbà onílẹ̀ kí a má lọ ra ẹjọ́. Kí a sì pe àwọn aládùúgbò wa síbi ìpìlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa rántí ilé tí a sá sí ní 2001, onílé ò bi wá níwèé kankan. Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú wa náà mọ ẹni tó kó ọjà wọn lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì ń rí i títí dòní.

Ọjọ́ Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, níbi tí a máa ń jókòó sí. A máa dìbò lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun tí ẹ ń dá owó, ẹ rán ẹni tó máa dìbò fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ súwẹ́tà wá, fèrèsé ibẹ̀ méjì ti fọ́.