Ẹ̀bẹ̀ sí Mínísítà Ètò Ìlera àti Àjọ NHIA Nítorí Àwọn tí Ìfun Ń Dá Lóró

Ọlọ́lá jùlọ, Mínísítà Ètò Ìlera, àti ẹ̀yin alákòóso àjọ NHIA tí ẹ ń mójú tó adójútòfò ìlera nílẹ̀ Nàìjíríà,

Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń kọ ìwé yìí, nítorí àwọn tó ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí tọmọdé tàgbà sì ń sọ fún wọn pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Wọn á ra àgbo ní gáréèjì, wọn á ra Flagyl ní kẹ́míìsì. Ẹ̀jẹ̀ á dá díẹ̀, wọn á dúpẹ́, kò sì ní pẹ́ tí yóò tún bẹ̀rẹ̀. Àìsàn àwọn kan nínú wọn kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí, kì í sì í ṣe ọ̀rìn. Crohn's disease tàbí ulcerative colitis ni, àìsàn méjì tó jẹ́ pé ọmọ ogun ara fúnra rẹ̀ ló ń gbógun ti ìfun. Ti Crohn lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí. Èkejì kì í kọjá ìfun ńlá.

Àìsàn òyìnbó ni wọ́n ń pe méjèèjì. Lóòótọ́, ìwé tí dókítà Burrill Crohn àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ ní New York lọ́dún 1932 ló sọ ti Crohn di olórúkọ, méjèèjì kò sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa bíi ti ọ̀dọ̀ òyìnbó. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà wa, ní Ilé-Ifẹ̀ àti níbòmíràn, ti kọ ìròyìn àwọn tó ní i sílẹ̀. Àyẹ̀wò kolonóskópì, tí wọ́n fi ń ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ wo inú ìfun, ni wọ́n fi ń rí i. Níbi tí kò bá ti sí ẹ̀rọ náà, tí kò sì sí ẹni tó lè lò ó, ta ni yóò sọ pé òun rí àìsàn yìí?

Ohun tó mú mi kọ̀wé sí yín gan-an ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àdììtú mọ́. Lára sẹ́ẹ̀lì, àti nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ni àwọn rìsẹ́pítọ̀ wà, bí oníbodè tó ń yẹ àlejò wò. Àwọn kan ń dá bakitéríà mọ̀, àwọn mìíràn ń gba iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì kan rán sí èkejì. Inú ìfun kún fọ́fọ́ fún bakitéríà tí kò pa wá lára, nítorí náà iṣẹ́ àwọn rìsẹ́pítọ̀ níbẹ̀ le: wọ́n ní láti dá ọ̀tá mú, kí wọ́n sì fi ará ilé sílẹ̀. Lọ́dún 2001, ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì kéde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pé àwọn kan tó ní àìsàn Crohn ní àbùkù lára jíìnì NOD2, ìyẹn rìsẹ́pítọ̀ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ ègé ara bakitéríà. Lọ́dún 2006 ni àwọn onímọ̀ kan rìsẹ́pítọ̀ IL-23, ọ̀kan lára àwọn tó ń gba iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì rán, wọ́n sì rí i pé ẹ̀dà jíìnì rẹ̀ kan wà tó ń dáàbò bo ẹni tó bá jogún un lọ́wọ́ àìsàn Crohn.

Oògùn tó bá ìmọ̀ yìí mu ti wà. Sẹ́ẹ̀lì tí inú ń bí máa ń tú iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní TNF jáde. Bí TNF bá ti kan rìsẹ́pítọ̀ tirẹ̀, ìfun á wú, ọgbẹ́ á máa jinlẹ̀. Infliximab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àìsàn Crohn lọ́dún 1998, ń ká TNF mọ́ ọ̀nà kí ó tó débẹ̀. Vedolizumab dé lọ́dún 2014: rìsẹ́pítọ̀ tí ọmọ ogun ara fi ń mọ ọ̀nà ìfun ni ó ń dí.

Ọlọ́lá, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wálé. Nígbà tí àwọn onímọ̀ àgbáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap lọ́dún 2002, láti ṣe àkójọ ìyàtọ̀ tó wà nínú jíìnì ọmọ ènìyàn, ènìyàn 270 ló fún wọn lẹ́jẹ̀. Àádọ́rùn-ún nínú wọn jẹ́ Yorùbá, ní Ìbàdàn. Àkójọ yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí irú ìwádìí tó kan IL-23 lè ṣeé ṣe. Ẹni tó bá da omi síwájú ló yẹ kó tẹ ilẹ̀ tútù. Síbẹ̀, àbùkù NOD2 tí wọ́n rí lára àwọn ará Yúróòpù ṣọ̀wọ́n púpọ̀ lára àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, a kò sì lè fi tiwọn díwọ̀n tiwa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó sí ìwádìí jíìnì àwọn tó ní àìsàn yìí nílé.

Ibi tí mo bẹ̀rù jù nínú lílo abẹ́rẹ́ infliximab ni ikọ́ ẹ̀gbẹ. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti pọ̀ jù lágbàáyé. TNF kan náà tó ń ba ìfun jẹ́ ló ń sé kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ tó sùn mọ́ ibi tó wà nínú ara. Bí a bá mú TNF kúrò, kòkòrò lè jí. Nítorí náà, a kò lè kàn gbé abẹ́rẹ́ náà wọ̀lú kí a máa gún un kiri. Ẹ̀rọ GeneXpert tí ìjọba ti pín láti fi yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò dára, ṣùgbọ́n kì í rí èyí tó sùn. Ó di pé kí a ṣe àyẹ̀wò awọ ara tàbí ti ẹ̀jẹ̀, kí a sì ya fọ́tò àyà. Ewu mìíràn tún wà: ikọ́ ẹ̀gbẹ tó bá mú ìfun jọ àìsàn Crohn gan-an nínú kámẹ́rà. Ẹni tó gba prednisolone, oògùn tó ń dín agbára ọmọ ogun ara kù, fún Crohn, nígbà tó jẹ́ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń ṣe é, ti bọ́ sínú ewu. Prednisolone yìí náà, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ni àwọn aláìsàn kan ń dá rà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí egungun wọn ń di ẹlẹgẹ́, tí ìtọ̀ ṣúgà sì ń yọjú.

Mo mọ̀ pé ibà, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ikú aláboyún ló ṣáájú nínú ìnáwó yín. N kò ní kí ẹ pa wọ́n tì. Àmọ́ òfin NHIA ti ọdún 2022 sọ adójútòfò di dandan, ó sì dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn aláìlágbára. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti fi adalimumab, ọmọ ìyá infliximab, sínú ìwé oògùn kòṣeémánìí lọ́dún 2019. Láti ọdún 2013 ni Yúróòpù ti fọwọ́ sí àfijọ infliximab tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe, owó rẹ̀ sì máa ń rọjú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí adójútòfò san owó irú àfijọ bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ́ pé ilé ìwòsàn ńlá tó ní dókítà ìfun nìkan ni yóò máa fún ni, lẹ́yìn àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kí ó san owó kolonóskópì pẹ̀lú fún ẹnikẹ́ni tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ yín bá sì jókòó láti tún ìwé oògùn tiwa yẹ̀ wò, ẹ pe àwọn aláìsàn méjì tàbí mẹ́ta wọlé, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n ń ná lóṣù.