Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé ẹni tí ó bá ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ti kàwé tán. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́rìí mi ni Safi Faye, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, ẹni tí ó jáde láyé ní ọdún 2023.

Dakar ni a bí i sí ní 1943, ṣùgbọ́n Fad'jal, abúlé àwọn Serer, ni orírun rẹ̀. Ó gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní Rufisque, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Dakar. Níbi àjọ̀dún ńlá iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú tí a ṣe ní ìlú náà ní 1966, ó pàdé Jean Rouch, ará Faransé tí ń ṣe sinimá. Lẹ́yìn èyí, olùkọ́ yìí tún di akẹ́kọ̀ọ́ ní Paris: ó kọ́ ìmọ̀ nípa àṣà àwọn ènìyàn, ó sì kọ́ bí a ti ń ṣe sinimá.

Síbẹ̀, kò tíì kàwé tán. Ó padà sí abúlé láti jókòó ti àwọn àgbẹ̀. Nínú Kaddu Beykat, èyí tí í ṣe ohùn àgbẹ̀, ní 1975, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sọ bí ọ̀dá àti ẹ̀pà gbígbìn ti ni wọ́n lára. Bàbá àgbà rẹ̀ wà nínú sinimá náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí ó fi kú. Nínú Fad'jal, ní 1979, àwọn ọmọ iléèwé ń ka ìtàn ọba Faransé. Àwọn àgbà sì ń sọ ìtàn abúlé lábẹ́ igi.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ní ọdún tí ó kọjá, nígbà tí mo ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, ọmọ kan bi mí pé, “Tíṣà, ta ni ó tẹ ìlú wa yìí dó?” Mo ní kí ó jókòó. Baba arúgbó kan ń gbé ẹ̀yìn iléèwé náà gan-an. N kò bi í léèrè rí.

Ẹlòmíràn yóò ní ìdánwò kò béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ náà béèrè. Ibi yòówù tí ẹ ti wá, ẹ má jẹ́ kí ìwé ẹ̀rí dí yín létí sí àwọn àgbà ilé yín. Baba náà ṣì wà láàyè. Ní ìsinmi tí ń bọ̀, èmi yóò lọ jókòó tì í.